Ọkọ̀ Bàbá Mi Tó Ń Lé Ròrò

Òórùn ọ̀dà tútù àti tínà tí wọ́n fi ń pò ó ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá péńtà tó ń kun ọkọ̀ ní Muṣin, kí ojú tó rí ọkọ̀ kankan. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, òórùn ẹrẹ̀ á tún dà pọ̀ mọ́ ọn, orí á sì ti máa fọ́ mi kí n tó jókòó. Ọdún tí bàbá mi kú ni mo mọ ọ̀nà ibẹ̀. Láyé ìjọba ológun yẹn, ọkọ̀ tuntun ti di ohun tí òṣìṣẹ́ kì í tilẹ̀ dárúkọ mọ́, ẹni tó bá ní ògbólógbòó kan, á rọra tọ́jú rẹ̀ ni.

Òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi, ọkọ̀ búlúù yẹn sì ni gbogbo ohun tó fi iṣẹ́ kó jọ. Nígbà tí a sin ín tán, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti Ìjẹ̀bú wá sọ lójú gbogbo ẹbí pé kí ọkọ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ ìyá mi. Ó ní tó bá dọdún kan, àwọn á wá wò ó. Bí ó bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, kò sẹ́ni tó máa bá a dù ú, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ kó bàjẹ́, ẹbí á gbé e lọ. Bí ìyá mi ṣe sọ ọkọ̀ di ọmọ ọwọ́ nìyẹn. Òun alára kò mọ ọkọ̀ wà. Èmi ni mo máa ń ti ilé ọkọ mi ní Yábàá wá sí Sùúrùlérè lọ́jọ́ Àìkú láti fi gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á sì jókòó sẹ́yìn bí ìyàwó olóyè.

Kò pẹ́ rárá tí òrùlé ọkọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í lé ròrò, bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà lé. Ọ̀dà rẹ̀ á wú, á bẹ́, á sì máa bó. Ọ̀gá péńtà ha á, ó kùn ún, ó ń dán gbinrin. Oṣù kejì kò tíì pé tí ìléròrò náà tún yọ, ó sì kó bọ́nẹ́ẹ̀tì àti búùtù mọ́ ọn. Ìtìjú mú ọ̀gá. Ó ní bóyá omi ló wà nínú kóńprẹ́sọ̀ tí òun fi ń fọ́n ọ̀dà, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ pọ̀ mọ́ ọ̀dà. Ó tú u, ó sá a gbẹ, ó tún ọkọ̀ náà kùn láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Ó tún lé ròrò.

Wàyí o, orí mi dàrú. Mẹkáníìkì kan ní omi bátìrì ni, bẹ́ẹ̀ ta ló ń gbé bátìrì sórí òrùlé ọkọ̀? Aládùúgbò kan ní iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ọ̀sà ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tirẹ̀ tó wà ládùúgbò kan náà kò ní ìléròrò kan lára. Ìyá ìjọ kan sì rọra sọ fún ìyá mi pé kó máa fojú sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀. N kò mọ èyí tí mo lè gbà, n kò sì mọ èyí tí mo lè kọ̀. Èyí tó dùn mí jù ni ohun tí ìyá mi bi mí bí a ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ lọ́jọ́ kan.

“Àbí inú bàbá yín ò dùn sí mi ni?”

Mo kàn ń wakọ̀ lọ.

Nígbà tí mo gbé e padà sí Muṣin, ọ̀gá mú abẹ́rẹ́, ó gún ọ̀kan nínú àwọn ìléròrò náà, omi sì yọ. Ó bi mí níbi tí ọkọ̀ yìí ń sùn. Inú bí mi díẹ̀, mo ní ó ń sùn ju èmi lọ, pé tapólì ni ìyá mi fi ń bò ó, òjò kì í kàn án rárá. Ó họ orí. Ó ní ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò sì lé ròrò rárá. Àwa méjèèjì wá ń wo ara wa bí ẹni tó sọnù lọ́jà.

Àfi ìgbà tí mo ya ilé láìròtẹ́lẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tí ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé. Mo bá ìyá mi tó ń wẹ ọkọ̀ náà bí bàbá mi ṣe máa ń wẹ̀ ẹ́ ní gbogbo Sátidé. Ó ń kánjú, torí àwọn aládùúgbò ò ní pẹ́ gbálẹ̀, eruku á sì sọ. Bó ti dà á lómi tán, kò nù ún. Ó da búláńkẹ́ẹ̀tì bàbá mi tó nípọn lé e lórí kí tapólì má baà ha ọ̀dà, ó wá fi tapólì bo gbogbo rẹ̀, ó sì so ó pinpin. Tapólì ni mo mọ̀, n kò mọ̀ nípa búláńkẹ́ẹ̀tì rárá, nítorí kí n tó dé lọ́jọ́ Àìkú ló ti máa ń ká a kúrò. Nígbà tí oòrùn mú, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Ó gbóná, ó sì rin gbingbin. Ibi tí búláńkẹ́ẹ̀tì náà mọ gan-an ni ìléròrò mọ.

Inú mi kọ́kọ́ dùn, ẹ̀rù sì bà mí lẹ́yìn náà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún un? Mo ranṣẹ́ pe ọ̀gá péńtà kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ó ká tapólì àti búláńkẹ́ẹ̀tì sókè, ooru kọ lù ú lójú, ó ní, “Màmá, mọ́ínmọ́ín lẹ ń sè.” Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn.

“Ṣé èmi ni mo wá ń bà á jẹ́ láti ọjọ́ yìí?”

Ọ̀gá ní ìtọ́jú ló pọ̀ jù. Ó ní òun á ha á dé irin, òun á fi ọ̀dà àkọ́kùn eléérú pa á, kó wá dúró sínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, torí bí òun bá kùn ún báyìí, inú rẹ̀ ni òun tún máa sé omi mọ́. Bẹ́ẹ̀ ìrántí ọdún kan ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo ní kó ṣáà kùn ún kó dán lọ́jọ́ náà, a ó tún un ṣe tí àwọn àlejò bá lọ. Ìyá mi ní kí wọ́n ha á. Mo bínú, mo sọ̀rọ̀ títí, ó ti ń ká búláńkẹ́ẹ̀tì náà wọlé.

Lọ́jọ́ ìrántí náà, ọkọ̀ náà dúró níwájú ilé bí adìyẹ tí wọ́n ti tu ìyẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi yí i po, ó béèrè ẹni tó bó o bẹ́ẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀.

“Èmi ni, Bàbá. Mo tọ́jú ẹ̀ títí mo fi bà á jẹ́. Ó ń gbẹ lọ́wọ́.”

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ wá. Mo ti gbà pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn. Ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó sí ibi tí bàbá mi máa ń jókòó, ó di síárìn mú, kò sì ṣáná sí i. Gbogbo wa dúró, a ò mọ ohun tó ń ṣe. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó fi kọ́kọ́rọ́ náà sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá mi, ó sì pa ìka rẹ̀ dé lórí rẹ̀.

“Ìyàwó, má kánjú. Ọkọ̀ ẹ ni.”

Ìyá mi bú sẹ́kún. N kò rí i kó sunkún bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ ìsìnkú, nítorí bó bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí ni gbogbo wa á ti yí i ká, a ó ní ó tó, kó ṣọkàn gírí, kó rántí àwọn ọmọ. Mo tún ti ń sáré lọ bá a pé ó tó. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi na ọwọ́, ó dá mi dúró, òun fúnra rẹ̀ sì dúró tì í títí ó fi sun ún tán.

N kò lóye ohun tó ṣe yẹn nígbà náà, mo tiẹ̀ rò pé ó le jù. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé gbogbo ọdún yẹn la fi ń tọ́jú ìyá mi, tí a kò jẹ́ kó sunkún ọkọ rẹ̀. Nísinsìnyí, bí mo bá lọ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, mo kàn máa ń jókòó tì í ni. N kì í sọ pé ó tó.