Ọjọ́ Tí Ojú Wasila Dọ́gba

Wasila kì í wo igi dàbínù lásìkò ìkórè. Kì í ṣe pé kò fẹ́ wò ó, wọn ò jẹ́ kó wò ó ni. Bí àwọn ọkùnrin bá ti gun òkè, tí wọ́n fẹ́ máa fi okùn sọ ìdì dàbínù kalẹ̀, dandan ni kó kọ ẹ̀yìn sí igi, kó máa ṣa èyí tó bá já sílẹ̀, kó má bàa fi ojú rẹ̀ ba ìkórè jẹ́. Gbogbo abúlé wọn, lẹ́bàá ìlú Nefta létí aṣálẹ̀, ló gbà pé ojú burúkú ló ní, torí pé ọmọlójú òsì rẹ̀ fẹ̀ ju tọ̀tún lọ. Nínú oòrùn, tọ̀tún á kéré bí orí abẹ́rẹ́, tòsì á la kalẹ̀, á dúdú minimini.

Ta ló sì sọ ojú náà dà bẹ́ẹ̀? Ará abúlé náà ni. Nígbà tí Wasila wà lọ́mọ ọdún méje, ọmọkùnrin kan fi kànnàkànnà sọ òkúta, ó ní ẹyẹ lòun ń sọ. Ojú Wasila ló bà. Ẹ̀jẹ̀ kún inú ẹyinjú náà. Nígbà tó yá, ẹ̀jẹ̀ lọ, ojú ń ríran, ṣùgbọ́n iṣan tó máa ń fún ọmọlójú pọ̀ bí ìmọ́lẹ̀ bá tàn sí i ti já, kò sì sí ohun tó lè so ó padà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ ṣàlàyé fún gbogbo ìlú, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Ọmọkùnrin tó sọ òkúta dàgbà, ó gbéyàwó, ó bímọ, ẹnikẹ́ni ò bi í ní nǹkan kan. Ẹni tí òkúta bà ni wọ́n ń sá fún.

Ìyá tó bá gbé ọmọ tuntun dání á yára da aṣọ bò ó lójú bí Wasila bá ń bọ̀. Níbi ìgbéyàwó, ó di ìgbà tí ìyàwó bá wọlé tán kí wọ́n tó ní kó wá jẹun. Oòrùn máa ń ta ojú òsì náà gan-an, ó sì máa ń fa ìborùn rẹ̀ bò ó; wọ́n ní ó ń fi ibi pa mọ́ ni. Kò sí bó ṣe lè ṣe é tó máa tẹ́ wọn lọ́rùn.

Lazhar, tó ń gun igi dàbínù jẹun, ló fi í ṣaya.

“O ò bẹ̀rù ojú mi?” Wasila bi í nígbà náà.

“Èmi tí mò ń gun igi láràárọ̀ láìso okùn? Ojú ẹ ló máa wá dẹ́rù bà mí?”

“Tó o bá já bọ́, wọ́n á ní èmi ni mo wò ẹ́.”

“Ó dáa, máa wò mí dáadáa nígbà náà, kó má bàa jẹ́ pé wọ́n purọ́ mọ́ ẹ lásán.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fẹ́ra wọn, wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Ramla, tó ti lọ sílé ọkọ ní Sfax báyìí. Ṣùgbọ́n Mbarka, ìyá Lazhar, kò gbà fún Ọlọ́run. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń lọ síbi sàréè wálí kan, ẹni mímọ́ Ọlọ́run, ó ń bẹ̀bẹ̀ kí ojú ìyàwó òun dọ́gba. Kò bẹ̀bẹ̀ rí pé kí ara rẹ̀ le. Kí ojú ṣáà ti dọ́gba.

Ìkórè ọdún tí mò ń sọ yìí, inú oko tiwọn ni wọ́n wà. Lazhar wà lókè igi, Mbarka jókòó sí ìsàlẹ̀, ó ń pàṣẹ.

“Ìyàwó, kọ ẹ̀yìn síbí.”

“Ìyá, mo ti kọ ọ́ o. Àbí kí n kúkú wọlẹ̀ lọ ni?”

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni okùn bọ́ mọ́ Lazhar lọ́wọ́. “Ẹ yàgò!” Gbogbo ẹni tó ń wo òkè ló rí ìdì dàbínù tó ń bọ̀, wọ́n sì yà. Wasila ò mọ ibi tó máa yà sí. Ìdì náà já lù ú lórí, lápá ọ̀tún, òun àti dàbínù jọ balẹ̀.

Ó dìde fúnra rẹ̀. Ó tún ń ṣàwàdà: “Dàbínù ti gbẹ̀san lára mi lónìí.” Ó mu tíì. Ṣùgbọ́n Lazhar sọ̀kalẹ̀, ó fà á lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ Tijani, nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìtọ́jú abúlé.

Tijani tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, ó ta gìrì. “Ọmọlójú òsì yìí mà fẹ̀!”

“Ọ̀gá Tijani, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ṣebí ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.”

“Òótọ́ ni o, ó ti ẹ̀ lọ lọ́kàn mi.” Ó kó oògùn orí fífọ́ fún wọn. “Ẹ fetí sílẹ̀. Ẹni tó bá fi orí gba nǹkan, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú agbárí ẹ̀, kó máa ti ọpọlọ. Ohun tá a máa ń bẹ̀rù ni kí ọmọlójú kan fẹ̀ ju ìkejì lọ. Tẹ́ ẹ bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ má dúró wo nǹkan kan, ilé ìwòsàn ńlá tààrà.”

Bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn nìyẹn. Kò dúró rò ó pé ìwúlò wo ni ọ̀rọ̀ yẹn ní fún obìnrin tí ọmọlójú rẹ̀ kan ti fẹ̀ ju ìkejì lọ láti kékeré. Lazhar ní tirẹ̀ há ọ̀rọ̀ náà sórí bí ọmọ iléèwé.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Wasila ní orí ń fọ́ òun. Ó bì. Ó tún bì. Lẹ́yìn náà ó sùn, oorun náà sì wúwo. Ìbẹ̀rù mú Lazhar, ó ní kí aládùúgbò wọn gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wá. Wọ́n gbé Wasila dé ẹnu ọ̀nà, oòrùn bọ́ sí i lójú, ni Mbarka bá fi ìka ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀.

“Lazhar! Wá wo ojú ìyàwó ẹ! Ó ti dọ́gba!”

Lazhar wò ó. Méjèèjì fẹ̀, méjèèjì dúdú, ìkan ò ju ìkan lọ. Mbarka ti ki igbe ayọ̀ bọnu, ó ń fi ahọ́n gbọ̀n ọ́n bíi ti ọjọ́ ìgbéyàwó, àwọn obìnrin àdúgbò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

“Ṣé ká máa lọ?” onímọ́tò bèèrè.

“Ẹ máa lọ síbo?” Mbarka dá a lóhùn. “Kí wọ́n lọ fi abẹ́rẹ́ ba iṣẹ́ Ọlọ́run jẹ́? Oorun ìwòsàn ló ń sùn yẹn!”

Lazhar rántí ọ̀rọ̀ Tijani. Kí ìkan má fẹ̀ ju ìkejì lọ. Ìkankan ò sì fẹ̀ ju ìkejì lọ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ojú rẹ̀ kún fún omijé. “Máa lọ, ọ̀rẹ́ mi,” ó sọ fún onímọ́tò. “A ò lọ mọ́.”

Oòrùn ń ràn sójú obìnrin yìí, ọmọlójú ọ̀tún tó yẹ kó ti di orí abẹ́rẹ́ kò sì mira. Lazhar tó mọ ojú náà ju ẹnikẹ́ni lọ láyé kò bi ara rẹ̀ pé kí ló dé.

Ilé kún. Àwọn tí kò wọlé rẹ̀ rí gbé àkàrà oyin wá. Àwọn tó ń da aṣọ bo ọmọ lójú gbé ọmọ wọn sún mọ́ ọn kó lè rí ìbùkún, wọ́n ń ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yin Ọlọ́run. Ìgbà tí ìrun àṣálẹ́ kù díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í han-run lọ́nà tí kò jọ ti oorun. Lazhar pè é, kò dáhùn. Ó gbá a létí, kò dáhùn. Ìgbà yẹn ló sáré lọ wá ọkọ̀.

Nílé ìwòsàn ńlá, dókítà, ọmọbìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀, tan iná sí ojú méjèèjì. Kò sí èyí tó mira.

“Bàbá, ìgbà wo lọmọlójú ọ̀tún yìí bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀?”

“Kò fẹ̀, Dókítà. Òsì ló ti ń fẹ̀ láti kékeré. Òsì ló sọ̀kalẹ̀ wá bá a lónìí. Ojú ẹ̀ ti sàn.”

Dókítà pa iná náà. “Òsì ò sọ̀kalẹ̀, Bàbá. Ọ̀tún ló gòkè lọ bá a. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú agbárí wọn lápá ọ̀tún ló fà á. Tó bá jẹ́ pé ẹ gbé wọn wá lọ́sàn-án, à bá ti ṣí agbárí náà, ká fa ẹ̀jẹ̀ jáde.”

Wọn ò lè ṣí i mọ́. Wasila kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn obìnrin gbé oúnjẹ kuskus wá, wọ́n jókòó ti Mbarka. Ọ̀kan nínú wọn yíjú sí Lazhar, inú rere ló fi sọ ọ́: “Ẹ gba fún Ọlọ́run. Ó kúkú tún ojú wọn ṣe kó tó mú wọn lọ. Ojú tó rẹwà ni wọ́n gbé lọ.”

“Ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa wò ó lójú nìyẹn,” Lazhar dá a lóhùn. “Ó ń kú lọ lójú yín, ẹ̀ ń pariwo ayọ̀.”

Obìnrin náà gbé ọwọ́ bo ẹnu. Mbarka fẹ́ sọ̀rọ̀, Lazhar ò jẹ́ kó sọ ọ́.

“Èmi náà wò ó,” ó ní. “Mo wò ó dáadáa, mo sì ní kí mọ́tò máa lọ.”