Ẹtu Tí Mo Fẹ́ Kí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Hàn

Ìrì inú pápá kì í bọ̀wọ̀ fún ṣòkòtò tuntun. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ nìyẹn ní àwọn òwúrọ̀ tí mo ń dùbúlẹ̀ sínú koríko lẹ́yìn Apẹ́tẹ̀, tí kámẹ́rà wà lọ́rùn mi, tí èèrà ń lọ tó ń bọ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì mi, tí mo ń retí kí ẹranko ìgbẹ́ kan yọjú sí mi kí n lè fẹ́ ìyàwó. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí ẹ tó máa rò pé orí mi ò pé.

Ayé ìjọba ológun ni nígbà náà, fíìmù la sì ń kì sínú kámẹ́rà. Mo ní sitúdíò kékeré kan ní Agbowó, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá ya fọ́tò. Mo tún ní àfẹ́sọ́nà kan tó rẹwà débi pé ara rẹ̀ ni fíìmù mi máa ń tán sí. Ọmọ onílẹ̀ ni, láti agboolé àwọn Mùsùlùmí àtijọ́ nílùú Ìbàdàn. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Alájì, ní ilẹ̀ káàkiri, àmọ́ wọn ò ní sùúrù. Lọ́jọ́ tí mo lọ fojú hàn, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?" Mo ní, "Fọ́tò ni mò ń yà, sà." Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́ ìyẹn. Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?" Wọ́n wá sọ ojú abẹ níkòó: bí mo bá ti ríṣẹ́ tó ń wọlé déédéé kí ọdún Iléyá tó dé, kí n padà wá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oníṣòwò símẹ́ǹtì kan wà tó ń wá kí àwọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kì í sì í wá lọ́wọ́ òfo.

Kò pẹ́ sígbà náà ni máníjà ilé iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé wá ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù lọ́dọ̀ mi. Bí mo ṣe ń tún kọ́là wọn ṣe ni wọ́n ń ráhùn pé kàlẹ́ńdà ilé iṣẹ́ àwọn ti sú àwọn, ojú ọ̀gá àgbà nìkan ló ń wà níbẹ̀ lọ́dọọdún, ọmọ àwọn sì ti rí i tó bú sẹ́kún rí. Àwọn fẹ́ fọ́tò ẹranko inú pápá agbègbè wa. "Bí o bá lè ya ẹtu kan fún mi, láàyè, kó dúró sínú koríko," wọ́n ní, "gbogbo fọ́tò ilé iṣẹ́ wa di tìẹ." Mo ní, "Ẹtu? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi, sà." Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ọbẹ̀ nìkan ni mo ti mọ ẹtu.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ayafọ́tò tí mo jẹ́. Àgbà ayafọ́tò ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, láti ayé fọ́tò dúdú òun funfun. Lọ́dọ̀ wọn, oníbàárà gbọ́dọ̀ kọjú síwájú gbáko, etí méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn, ọwọ́ á wà lórí orúnkún, ẹsẹ̀ méjèèjì á sì pé pérépéré. Wọ́n ní ẹni tí a bá gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú fọ́tò kò ní rìn jìnnà láyé. Wọ́n ti gbá mi létí rí nítorí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ìyá àgbà kan tí n kò jẹ́ kó wọlé. Ẹ̀kọ́ náà wọ̀ mí lára ṣinṣin.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gun ọ̀kadà ló ń gbé mi lọ sí pápá láàárọ̀, á dúró wò mí díẹ̀ kó tó lọ máa gbé èrò. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, koríko ti ga tó orúnkún. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké erin. Èmi rìn jìnnà o. Àmọ́ àṣà sitúdíò kò fi ẹnu mi sílẹ̀. Bí àparò bá yọ, mo ti máa kígbe pé, "Ó yá, mo fẹ́ yà á o!" Àparò á gbéra, á di ojú ọ̀run. Òyà kan yọ orí láàárín koríko lọ́jọ́ kan, ó dúró jẹ́ẹ́. Bí mo ṣe gbé kámẹ́rà ni mo ní, "Gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, rẹ́rìn-ín." Ìrù rẹ̀ ni mo rí kẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé o fẹ́ kó dá ẹ lóhùn ni?"

Nígbà tí Iléyá ti ń kanlẹ̀kùn, tí àfẹ́sọ́nà mi ti sọ fún mi pé oníṣòwò símẹ́ǹtì gbé ìrẹsì wá fún ìyá òun, ẹtu yọ. Kò jìnnà sí mi ju ẹnu ọ̀nà sí ìdí kànga lọ. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú, imú rẹ̀ ń dán. Ó kọjú sí mi gbáko, etí rẹ̀ méjèèjì nà ró, àfi bí ẹni pé ọ̀gá mi ló tò ó. Mo gbé kámẹ́rà sójú. Ìgbà náà ni mo wo ìsàlẹ̀, mo rí i pé koríko ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

N kò tẹ kámẹ́rà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi, mo ti bú ara mi tán. Mo ro ti kàlẹ́ńdà, mo ro ti ẹtu tí kò lẹ́sẹ̀ tí yóò wà lára ògiri gbogbo ìlú, mo sì rí ojú ọ̀gá mi. Ni mo bá dìde rọra, mo rìn síwájú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàtà tẹ koríko mọ́lẹ̀ níwájú ẹtu kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè hàn. Mo tilẹ̀ ní, "Má mira o, ó kù díẹ̀." Ẹtu wò mí lójú. Mo rò pé ojú tì í fún mi. Lẹ́yìn náà ó fò lẹ́ẹ̀kan, koríko sì padé. Ọ̀rẹ́ mi, tó rí gbogbo rẹ̀, ká ọwọ́ lérí lórí ọ̀kadà rẹ̀. Ó ní, "Ṣé bàtà lo fẹ́ wọ̀ fún un ni?"

Mo jókòó sínú ìrì, mo sunkún. Ibẹ̀ ni Fúlàní darandaran kan bá mi pẹ̀lú màlúù rẹ̀, lékeléke sì ń tẹ̀ lé wọn. Kò bi mí ohun tó ń pa mí lẹ́kún. Kámẹ́rà ló ń wò. Ó ní, "Ọ̀rẹ́, ya èmi àti èyí," ó sì nàka sí akọ màlúù ńlá kan. Màlúù náà kò fẹ́. Mo yí i kó kọjú síwájú, ó kẹ̀yìn sí mi. Mo fún un ní gúgúrú tó wà lápò mi, ó jẹ gúgúrú tán, ó tún kẹ̀yìn sí mi. Nígbà tó yá, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́: "Bàbá, ẹ ṣàánú mi. Ẹ dúró fún mi díẹ̀, tí Ọlọ́run bá fẹ́ràn yín." Mo ń sọ ẹ̀yin fún màlúù. Ó mí kanlẹ̀, ó sì dúró. Ibẹ̀ kò ní koríko gíga, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Gbogbo ẹsẹ̀ hàn, ti màlúù àti ti olówó rẹ̀.

Mo kó fíìmù lọ fọ̀ ní Dùgbẹ̀, mo sì gbé fọ́tò náà lọ fún máníjà, nítorí ọwọ́ òfo kò dùn. Wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n ní, "Ẹtu ni mo ní, màlúù lo gbé wá," wọ́n sì dá a padà fún mi. Àmọ́ nígbà tí darandaran gba tirẹ̀, ó mú un lọ sí káráà, ọjà màlúù tó wà ní Bódìjà, kò sì sẹ́ni tí kò fi hàn. Kí n tó mọ̀, àwọn oníṣòwò màlúù ti ránṣẹ́ pè mí. Olúkúlùkù fẹ́ bá màlúù rẹ̀ ya fọ́tò kó tó tà á. Ojoojúmọ́ ni mo wà níbẹ̀, tí mò ń kúnlẹ̀ fún màlúù nínú ẹrẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo wà tí Iléyá fi ku ọ̀la. Bí mo ṣe gbójú sókè ni mo rí Alájì tí wọ́n wá ra màlúù ọdún. Mo sá sẹ́yìn màlúù tí mò ń bẹ̀. Ohùn wọn bá mi níbẹ̀: "Jáde lẹ́yìn màlúù yẹn." Mo jáde, mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Mo ti ń wò ọ́ láti àárọ̀," wọ́n ní. "Màlúù tó ti ta èèyàn nípàá. Kí lo sọ fún un tó fi dúró?"

"Mo bẹ̀ ẹ́ ni, sà."

"O bẹ̀ ẹ́?"

"Títí ó fi gbà, sà."

Wọ́n wo màlúù, wọ́n wò mí. Wọ́n mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ti jìyà pẹ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi yẹn, láti kékeré, kò sẹ́ni tó ní kó dúró tó dúró rí. Ìyá rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Owó símẹ́ǹtì kò lè ṣe nǹkan kan sí ìyẹn, àfi ẹni tó mọ ẹ̀bẹ̀. Bí ọdún bá ti lọ, kí àwọn èèyàn rẹ máa bọ̀."

Ọ̀pọ̀ ọdún ti lọ báyìí. Alájì ti wọlẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ọlọ́kadà náà ti re ibi àgbà ń rè, ilé àti ṣọ́ọ̀bù ló sì kún pápá ẹ̀yìn Apẹ́tẹ̀ fọ́fọ́. Òótọ́ ni Alájì sọ nípa ọmọ wọn. Mo ṣì ń bẹ̀bẹ̀. Ìgbàkigbà tí mo bá ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ, tí mo dé ibi tí ẹtu ti yọ, ìyàwó mi á fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí láti ibi tó jókòó sí. Á ní, "Ewúrẹ́ ni." Àwọn ọmọ á bú sẹ́rìn-ín. Ó máa ń dùn mí díẹ̀, torí kò sí fọ́tò, kò sì sẹ́ni tó kù tó lè bá mi jẹ́rìí. Mo ti wá ń gbà fún un pé ewúrẹ́ ni, kí ilé lè tòrò. Ṣùgbọ́n mo rí i.