Àpò Ewé Méje Tí Thurlow Ń Dá Padà

Títí di òní, bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Thurlow Beal ní etíkun Maine, ọ̀rọ̀ àpò ewé ni ẹnu kọ́kọ́ ń lọ sí. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ tán, gbogbo àdúgbò gbé réèkì jáde láti tún àgbàlá ṣe, ni Thurlow bá ti bárò sọdá títì. Ó kan ilẹ̀kùn Avis Crowley, opó tí ilé rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, ó sì to àpò méje kalẹ̀ fún un.

“Avis, ewé rẹ rèé.”

“Ewé wo?”

“Ewé igi mépù rẹ. Atẹ́gùn kó o wá sí àgbàlá mi. Èmi ò ní igi tó ń wọ́wé, mo wá kó ẹrù fún ẹlẹ́rù ni.”

“Thurlow! Ewé tó ti ń jẹrà?”

“Bí mo ṣe bá a nìyẹn. Èmi ò jalè rí láyé mi.”

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjì jà o, ìjì ò jà o, àpò méje náà ni. Nígbà tó yá, Avis ò bá a jiyàn mọ́. Á kàn ní, “Mo ti rí i. Gbé e síbẹ̀,” á sì wọlé lọ gbé kọfí méjì jáde. Thurlow á mu tirẹ̀ tán, á nu ẹnu, á sì sọ̀rọ̀ tó máa ń sọ lọ́dọọdún: “Gé igi yìí lulẹ̀, obìnrin yìí, kí ẹ̀yìn mi lè sinmi.”

Avis ò jẹ́ gé e. Ọdún tí Orrin ọkọ rẹ̀ gbé e níyàwó ni ọkùnrin náà gbin igi yẹn, wọn ò sì bímọ kankan kí ọkùnrin náà tó kú. Igi náà nìkan ló ṣẹ́ kù.

Òdòdó Thurlow ló dára jù ní gbogbo etíkun. Ìdí méje ni, wọ́n a sì máa dúdú bí aró. Bíi ti gbogbo ará ibẹ̀, ó ń fi àpò ìdọ̀họ wé wọn nígbà òtútù kí iyọ̀ òkun má baà jó wọn. Ṣùgbọ́n ìdájí, nínú kùrukùru, ló máa ń tú tirẹ̀, kò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dúró tì í. “Ó ń bọ́ṣọ,” ni yóò wí, “ojú ń tì í.” Bí wọ́n bá bi í ní àṣírí òdòdó náà, á nawọ́ sí etí omi: “Koríko òkun ni.” Pásítọ̀ ìjọ wọn kó koríko òkun, ó kún bárò mẹ́rìnlá, ó dà á sídìí òdòdó tirẹ̀. Òdòdó rẹ̀ ò yàtọ̀, àgbàlá rẹ̀ ló ń rùn bí ẹja ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́dún kan, ewé mépù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni ìjì fi omi òkun nà án fún ọjọ́ méjì. Iyọ̀ jó gbogbo rẹ̀. Agégi wò ó, ó mi orí, ó ní igi ti kú, lọ́jọ́ Ẹtì lòun máa wá gé e kó má baà wó lu òrùlé. Avis ò lè jẹun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbọ́ ìró omi níta. Thurlow ló rí lórí àkàbà, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tó di rọ́bà omi mú.

“Kí lò ń ṣe lókè yẹn?”

“Mò ń wẹ̀ ẹ́. Iyọ̀ ló wà lára rẹ̀, kò kú.”

“Ìwọ tó o ní kí n gé e?”

“Èmi ni mo ní kí o gé e. Ta ló fi ti agégi sí i? Bí a bá ń jà, ṣé bíi ká kú ni?”

Ojoojúmọ́ ló ń wẹ igi náà. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ó gbé àga sábẹ́ rẹ̀, ó fi réèkì dábùú itan. Agégi dé, ó wo Thurlow, ó wo réèkì, ó sì wọ mọ́tò rẹ̀ padà. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, igi ti tún rúwé. Thurlow gbójú sókè, ó kẹ́dùn: “Iṣẹ́ tún dé fún mi.”

Oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú. Ìgbà ìrúwé dé, kò sẹ́ni tó tú òdòdó ara rẹ̀ ní àdúgbò, torí Thurlow ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó tú u, tirẹ̀ sì wà ní wíwé síbẹ̀. Oṣù kẹrin parí. Avis wá mú ọ̀bẹ, ó sọdá títì, ó gé okùn ìdí àkọ́kọ́.

Ewé ló ya jáde. Ewé mépù, ewé tirẹ̀, tí wọ́n kì mọ́ra láti ìsàlẹ̀ dókè kí òtútù má baà mú òdòdó. Ó tú ìkejì, ewé. Ó tú u títí dé ìkeje. Ìgbà náà ló rántí pé lásìkò tí ewé bá ń wọ́, orúnkún Thurlow kì í jẹ́ kó lè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun nìkan ló sì máa ń kù sílé ní àdúgbò.

“Olè!” ni Avis kígbe. “Thurlow, olè ewé!”

Ó jókòó sórí koríko tútù, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé. Ààtàn wà lẹ́yìn ilé ọkùnrin yìí. Ibẹ̀ ni ìbá da ewé náà sí lẹ́yìn tó bá lò ó tán, kò sẹ́ni tí ìbá mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ìbá tún rí wí tí yóò fi máa wá kan ilẹ̀kùn òun?

Ó kó ewé náà sínú àpò, ó pé méje géérégé. Ó fi bárò Thurlow tì wọ́n sọdá títì, ó tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀, ó sì kan ilẹ̀kùn.

“Avis, ewé rẹ rèé,” ló wí, ó mú ohùn rẹ̀ ki bíi ti Thurlow.

Ó wá yí padà, ó kọjú síta.

“Mo ti rí i,” ló fi ohùn ara rẹ̀ fèsì. “Gbé e síbẹ̀.”

Ó wọlé, ó sì gbé kọfí méjì jáde.