Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta Tí Mo Kọ́ Màmá Wándé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀, kí n rò fún yín bí mo ṣe di tíṣà òyìnbó ní Woolwich. Èmi tí mo sá kúrò nílé ìwé ní primary three! Akẹ́kọ̀ọ́ mi kò ju ẹyọ kan lọ, ẹ̀kọ́ náà kò sì ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ. Àmọ́ ohun tí màmá yẹn fi ṣe, tí mo bá rántí ẹ̀ títí dòní, ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín burúkú ni o.

Ìbẹ̀rẹ̀ nineties ni. Mo ń ta bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì, pillowcase àti táwẹ̀lì lórí tábìlì nínú ọjà Woolwich. Auntie Ṣíìtì ni gbogbo wọn ń pè mí. Ẹni tó bá ń ta ṣíìtì á mọ ẹni tó ń dá sùn àti ẹni tí kò dá sùn, àbí irọ́ ni mo pa?

Wándé kò dá sùn. Nọ́ọ̀sì ni, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, aṣọ ẹ̀ kì í rún, bàtà ẹ̀ máa ń dán. Ṣíìtì double, ti bẹ́ẹ̀dì ẹni méjì, ló máa ń rà. Mo á ní, "Wándé, ta lẹ jọ ń sùn lórí èyí?" Á rẹ́rìn-ín. "Dee ni, Auntie. Ó fẹ́ràn búlúù." Lọ́jọ́ mìíràn: "Dee kí yín o. Ó wà níbi iṣẹ́." "Auntie, ó mọ ọbẹ̀ sè jù mí lọ."

Ó, ó, ó! Ṣé ẹ rí Yorùbá wa? Kì í bèèrè bóyá ẹni náà ní irùngbọ̀n tàbí ó ní ọmú. Èmi ti sọ Dee lórúkọ lọ́kàn ara mi: Deborah. Mo tiẹ̀ fún un ní underskirt kan tó bá ọjà mi wá. Wándé gbà á, ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Ẹ wo ọmọ olójú dídán!

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń tan ìyá ẹ̀ náà lórí fóònù. "Mummy, Dee ń kí yín. Ó ní kí ẹ máa gbàdúrà fún òun." Màmá gbàdúrà títí ohùn ẹ̀ fi há. Ó fi àdìrẹ ránṣẹ́, àdìrẹ gidi, kí ìyàwó fi rán ìró àti bùbá. Opó ni, Wándé nìkan ló bí. Ìyàwó yìí ló kù tó ń retí láyé.

Ọjọ́ kan wà tí Wándé ṣì í sọ níwájú àwọn ìyá ìjọ wa. Ó ní, "Dee? He's at work." Ṣé ẹnikẹ́ni mira? Kò sẹ́ni tó mira! Ṣebí gbogbo wa la máa ń sọ pé "my husband, she is coming"? Wọ́n rò pé òyìnbó ló lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu.

Bí èmi ṣe wá mọ̀ nìyí. Ọ̀sán Sunday kan, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, mo gbé àpò táwẹ̀lì wọ pub kan, ilé ọtí ẹ̀yìn ọjà. A máa ń tà nínú pub nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń lé wa. Mo wo ọ̀tún, ọkùnrin. Mo wo òsì, ọkùnrin. Àwọn bàbá arúgbó méjì tó wọ táì ń jó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọ̀kan gbé orí lé èjìká èkejì. Ọkùnrin kan tí itan ẹ̀ tó ti oníjàkadì wọ gáùn pupa, ó dé wíìgì, ó di máíkì mú, ó ń bú àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún un!

Ó rí mi. Ó ní hẹ́ẹ̀, laundry ti dé. Mo ní kó fi wíìgì ẹ̀ ránṣẹ́ sí laundry náà, torí ó ti ń rùn dé ẹnu ọ̀nà. Pub gba ariwo! Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rẹ́ mi ni.

Ibẹ̀ ni mo ti rí Wándé. Ó ń jó. Ẹni tó dì mọ́ ọn jẹ́ ọmọ Jàmáíkà gíga kan, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, irunmú ẹ̀ nípọn bí búrọ́ọ̀ṣì. Kí ló wọ̀? Ṣẹ́ẹ̀tì àdìrẹ. Àdìrẹ màmá!

Wándé rí mi, ojú ẹ̀ di eérú. "Auntie, ẹ jọ̀ọ́. Dee nìyí. Desmond lorúkọ ẹ̀."

Mo wo Deborah láti òkè dé ilẹ̀. Mo ní, "Underskirt mi ńkọ́?"

"Kò bá a mu, Auntie."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sórí ọjà ara mi. Wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì raffle fún ẹran lọ́jọ́ yẹn, nọ́ńbà Dee jáde, wọ́n fún un ní adìẹ kan, ó sì gbé e fún mi. Mo ní ṣé kí n pa ẹnu mọ́ ni, ó ní rárá, pé mo dà bí ẹni tí ebi ń pa. Mo fẹ́ràn ẹ̀ lójú ẹsẹ̀! Mo padà síbẹ̀ lọ́pọ̀ Sunday. Wọ́n ń ra táwẹ̀lì mi, mo ń bú wọn, wọ́n ń bú mi, a ń jó. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ló kàn mí?

Ìgbà tó yá, Màmá Wándé kọ̀wé pé òun ń bọ̀ wá rí ìyàwó òun.

Kí ni Wándé ṣe? Ó ní kí Dee ṣe bí ẹni pé lodger lòun, Desmond tó gba yàrá kékeré. Ìyàwó ńkọ́? Ó ti rìnrìn àjò. Dee gbà. Ìfẹ́ máa ń sọ èèyàn di òmùgọ̀, ẹ má dá mi lóhùn.

Ẹ sì gbọ́ o, màmá fẹ́ràn lodger yìí! Òun ló ń gbé báàgì ẹ̀, òun ló ń fi bọ́ọ̀sì gbé e gba títì Harrow Manorway kọjá, òun ló mú un wọ ọkọ̀ ojú omi Woolwich tí wọ́n ń wọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n tún lọ. Wándé ti kọ́ ọ pé ọwọ́ méjèèjì la fi ń fún àgbà ní nǹkan, pé kó tẹ orúnkún díẹ̀. Màmá sọ fún mi pé, "Ọmọ Jàmáíkà yìí ní ẹ̀kọ́ ilé ju ọmọ mi lọ."

Òyìnbó ló bà á jẹ́. Màmá ń sọ ìtàn Bíbélì fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, "King David, she kill Goliath." Àwọn ọmọ London rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń yí nílẹ̀. Ó wá bá mi lọ́jà, ojú ẹ̀ pọ́n. "Ìyá Ṣíìtì, kí ló dé tí wọ́n fi ń fi mí rẹ́rìn-ín?"

Mo fà á jókòó. Mo ní, "Màmá, ẹ wò ó. Ohun tí àwa ń pè ní ó, òyìnbó pín in sí mẹ́ta. Ọkùnrin, he. Obìnrin, she. Ohun tí kì í ṣe èèyàn, àga, ewúrẹ́, it."

Ó gbá a mú! Ó jókòó sórí stool mi, ó ń na ìka. "Ọlọ́pàá yẹn, he. Ìyá arúgbó yẹn, she. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, it." Mo ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó wá na ìka sófuurufú. "Dee ńkọ́?"

Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, mo bẹ̀rẹ̀ sí ká pillowcase.

Màmá wò mí. Ó dìde, ó gbé báàgì ẹ̀, ó lọ.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó padà sílé, ó pe àwọn ìyá ìjọ wá gbàdúrà ní Thamesmead Moorings, nílé tí wọ́n ń gbé. Ọ̀sán Sátidé ni. Wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kọrin. Dee ló se ìrẹsì, òun ló ń pín in. Mo jókòó nítòsí Wándé.

Màmá ní kí wọ́n dúró ná. Ó fa ṣẹ́ẹ̀tì àdìrẹ yọ látinú báàgì.

"Wándé, mo rí èyí níbi tí ẹ ń sá aṣọ sí. Aṣọ ta ni?"

"Ti Dee ni, Mummy."

"Àyà ìyàwó rẹ ló fẹ̀ tó báyìí?"

Sister Bísí, ọ̀gá àwọn akọrin, bú sẹ́rìn-ín. Dee dúró pẹ̀lú tíréè. Kò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ó mọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀.

Màmá ní, "Má fi Yorùbá tàn mí mọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni òyìnbó ní. Dee yìí, he ni, she ni, tàbí it? Tó bá jẹ́ she, pè é wá kí n rí i. Tó bá jẹ́ he, mo padà sílé láìlọ́mọ. Mo á sọ fún wọn n'Íjẹ̀bú pé London pa ọ́, mo á sì wọ aṣọ dúdú. Lédè òyìnbó ni kó o ti dá mi lóhùn."

Wándé wo ìyá ẹ̀. Ó wo Dee. Mo gún un ní ìgúnpá pé sọ̀rọ̀, ọkùnrin!

Ó ní, "It."

Ẹ̀yin èèyàn mi! Àwọn aláṣọ funfun rẹ́rìn-ín, Sister Bísí ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí Wándé dá ìyá ẹ̀ lóhùn lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni Dee gbọ́.

Màmá wá mi orí. "Ó dáa. It." Ó yíjú sí Dee, ó na ìka bó ṣe ń nà án lọ́jà. "It! Bring water."

Dee wo Wándé. Wándé ń wo kápẹ́ẹ̀tì.

Dee lọ bu omi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún màmá, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, "Your water, Mummy." Ó mú jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ó jáde, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Àwọn ìyá ìjọ bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ta ló ṣe àmín tó rinlẹ̀ jù? Wándé ni!

Ẹ wá bi mí pé ilé ta ni gbogbo wa jókòó sí. Ilé Dee ni! Council, ìjọba àdúgbò, ló fún un kó tó mọ Wándé rárá. Wándé gan-an ni lodger! Bí ọkọ̀ òfuurufú màmá ṣe gbéra, Dee wọlé, ó kó àwọn ẹrù Wándé sẹ́nu ọ̀nà, ó sì pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn.

Ilé ta ni Wándé gbé ẹrù wá? Èmi náà ni, ní Glyndon Estate, láàárín àwọn páálí ṣíìtì. Màmá ń pe fóònù mi láti Ìjẹ̀bú. Wándé á ní kí n sọ pé òun ò sí. Mo á ní, "Màmá, ó ní kí n sọ pé òun ò sí." Màmá á wá bèèrè bóyá ó ti jẹun. Ẹkún ló máa ń gbẹ̀yìn ẹ̀. Ó gba ọmọ ẹ̀ padà, ọmọ náà kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Wándé bẹ̀ mí, ó sunkún, ó ní kí n lọ bá òun bẹ Dee. Mo lọ sí pub lọ́jọ́ Sunday. Onígáùn pupa ń kọrin. Mo jókòó ti Dee, mo bẹ̀bẹ̀ dáadáa, mo ní ẹ̀rù ìyá ẹ̀ ló bà á, mo ní kò sùn, kò jẹun. Ó gbọ́ mi tán. Inú kò bí i rárá. Ó mu bíà ẹ̀, ó ní:

"Tell it no."

Lójú ọ̀nà ilé, mo rò ó. Tí mo bá jẹ́ iṣẹ́ náà ní Yorùbá, màá ní, "Dee ní kí n sọ fún ọ pé rárá," gbogbo ata inú ẹ̀ á sì dànù. Wándé ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Auntie, kí ló wí?"

Lédè òyìnbó ni mo ti sọ ọ́ fún un.

Àánú ẹ̀ kò ṣe mí. Ká ní ó sọ pé "he" ni, ìyá ẹ̀ ì bá ké, ì bá ṣubú lulẹ̀, ì bá dìde jẹ ìrẹsì. Ìyá wo ni ọ̀rọ̀ kan pa rí? Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí: ẹni tí o kò bá lè pè ní èèyàn níwájú àwọn èèyàn rẹ, má ṣe máa sùn sínú ilé ẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ẹ ti fi "ó" bò mọ́lẹ̀ fún àwọn ẹbí yín? Àbí ẹ̀yin gan-an ni wọ́n bò? Ẹ kọ ọ́ kí gbogbo wa kà á. Tó bá pa mí lẹ́rìn-ín, mo á rín in, mi ò ní bẹ̀ yín!