Dùùrù Tí Bàbá Mi Gbé Sórí Àjà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mi ò tíì lè dá ìkòkò omi sọ̀ láìfọ́ ọ, iṣẹ́ méjì ni bàbá mi ń ṣe. Ó ń dáko, ó sì ń ṣeré. Oko àgbàdo àti gbáàgúdá tó ní lọ́nà Ikpinlè ló ń bọ́ wa, ṣùgbọ́n eré ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n dé ìlú Massè. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má rò pé olówó ni o. Òun àti àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ń ṣeré, àgbẹ̀ paraku ni wọ́n. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ lọ́jọ́ ìnáwó, wọ́n á gbin àgbàdo tán kí wọ́n tó lọ, iyẹ̀pẹ̀ á ṣì wà ní èékánná wọn bí wọ́n ti ń ṣeré.

Dùùrù tó ń lò kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń jókòó tì. Àyà ni wọ́n ń gbé èyí kọ́, wọ́n á máa fà á, wọ́n á máa pa á dé; àwọn tó kàwé ń pè é ní àkọ́díọ̀n. Fadá òyìnbó kan ló kọ́ ọ ní ijó ilẹ̀ baba tirẹ̀, pólkà, ó sì fi dùùrù náà sílẹ̀ fún un nígbà tí fadá ń padà sí ilẹ̀ òyìnbó. Bàbá mi fi agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tì í lẹ́yìn, ó fi èdè wa kọrin sí i, títí kò fi sí ẹni tó rántí pé ọ̀nà jíjìn ló ti wá.

Lọ́dún kan, òjò pọ̀, awọ dùùrù náà bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Bàbá mi ronú bí àgbẹ̀. Níbo ni à ń fi irúgbìn sí kó má bàa bàjẹ́? Orí àjà ni, lókè iná ìdáná, níbi tí èéfín kì í jẹ́ kí kòkòrò sún mọ́ ọn. Ibẹ̀ ló gbé dùùrù sí. Ìyá mi ní, "Bàbá wọn, èyí kì í mà ṣe àgbàdo o." Bàbá mi ní kó tọ́jú ọbẹ̀ rẹ̀, kó fi eré sílẹ̀ fún eléré. Agídí rẹ̀ pọ̀, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ.

Kò pé oṣù méjì tí ìyá ìyá mi kú ní Kpoulou. Òkú àgbà ni. Lọ́dọ̀ wa, àna ọkùnrin gbọ́dọ̀ mú eré wá síbi ìsìnkú ìyá ìyàwó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilé ìyá mi kò fẹ́ fi í fún bàbá mi tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní eléré kì í ní láárí. Tí eléré bá wá lọ lọ́wọ́ òfo lọ́jọ́ yẹn, ìyá mi ni ojú máa tì títí ayé. Bàbá mi gbé dùùrù sọ̀ kalẹ̀, ó fà á, atẹ́gùn lásán ló jáde. Ooru iná ti yọ́ ìda tó di àwọn ahọ́n irin inú rẹ̀ mú, gbogbo wọn ti já sílẹ̀. Ìyá mi kò bá a wí. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. Ìyẹn dùn mí ju bí ì bá ti pariwo lọ.

A lọ síbẹ̀ náà, àwa àti àwọn mẹ́ta tí bàbá mi bá ń ṣeré, tàwọn ti agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọn. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn àna rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ba dùùrù jẹ́. Ọmọ yín kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́." Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti dìde. Ẹni tí kì í kọrin níwájú ènìyàn, ó la ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ orin bàbá mi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orin nìkan. Ibi tí dùùrù máa ń dá sọ̀rọ̀, ó fi ẹnu sọ ọ́, kò fo ọ̀kan. Ẹ̀yìn ògiri ló ti ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ yìí wá. Agogo gbè é, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ gbè é, àwọn ará Kpoulou jó títí eruku fi sọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà jó. Bàbá mi ń wo ìyá mi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìyàwó. Láti ọjọ́ náà, márùn-ún ni wọ́n nínú ẹgbẹ́ eré.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Nísinsìnyí, alùpùpù ló ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá síbi òkú, ẹnì kan á tẹ fóònù, eré ti dé nìyẹn. Kò burú, èmi náà máa ń jó. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àìpẹ́ yìí, níbi ìsìnkú ọ̀rẹ́ mi kan ní Ikpinlè, iná lọ ní ọ̀sán gangan. Eré dá. Gbogbo ènìyàn ń wo ojú ara wọn, àwọn ọmọ òkú tẹrí ba. Inú bí mi sí àwọn ọ̀dọ́. Mo ní nínú ara mi pé, ṣé nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó mọ orin kan ni? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èmi fúnra mi mọ gbogbo orin ìyá mi láti orí dé ìdí. Mo jókòó síbẹ̀ títí iná fi dé, mi ò lanu.