Àmù Abẹ́ Fèrèsé

Nígbà tí àwọn elétò ìlera ń wá ẹni tí yóò máa lé ẹ̀fọn ní agboolé wa ní Aboabo, ní ìlú Kumasi ní Ghana, Àlùfáà Ìkrímà ni wọ́n mú, torí kò sí ẹni tí kì í bẹ̀rù rẹ̀. Ìlọrin ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, Kumasi ni wọ́n bí i sí, ó sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní kéwú ó ti pẹ́. Wọ́n fún un ní ìwé kan àti bírò láti kọ orúkọ ẹni tí omi bá dúró lọ́dọ̀ rẹ̀. Ojú wa rí màbo.

Bí òjò bá rọ̀ sínú agolo rẹ lásán, orúkọ rẹ ti wọ ìwé. Ó da omi tí Nímátù alágbàfọ̀ fi rẹ aṣọ nù. Ó da tèmi náà tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi pọn. Inú bí mi, àmọ́ ta ni yóò bá àlùfáà jiyàn?

Síbẹ̀, ibà ò kúrò lára Màrwà, ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ara rẹ̀ yá, ibà tún dé. Ọmọ náà rù débi pé ẹ̀rù bà wá. Àlùfáà ní ọ̀kan nínú wa ló ń fi omi pamọ́.

Ni Akosua, nọ́ọ̀sì àdúgbò, bá wá wo ilé fúnra rẹ̀. Kò rí nǹkan kan lọ́dọ̀ wa. Ó yí sẹ́yìn yàrá Àlùfáà, ó bá àmù ńlá kan lábẹ́ fèrèsé Màrwà. Hàntú ni, omi tí Àlùfáà fi fọ pátákó wàláà tó kọ àdúà ibà sí. Kò dé e, kí alùbáríkà lè máa fẹ́ sí ọmọ náà. Ọmọ ẹ̀fọn ń jó nínú rẹ̀ bí ọmọ kéwú lọ́jọ́ wòlímọ̀.

Akosua fi Twi bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dà á nù. A kì í da hàntú sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ máa tẹ̀ ẹ́, mímu ni.

Nímátù bu omi náà sínú ife, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún Àlùfáà. "Baba, hàntú ò gbọdọ̀ ṣòfò. Ẹ mu ún."

Àlùfáà wo inú ife títí, ó gbé e kalẹ̀. Ó mú ọkọ́, ó gbẹ́ ilẹ̀ nídìí máńgòrò níbi tí ẹsẹ̀ kì í dé, ó sì da omi náà síbẹ̀. Mò ń rẹ́rìn-ín nínú, àfìgbà tí mo rí omijé lójú rẹ̀.

Akosua na ìwé náà sí i pé kí ó kọ orúkọ ẹni tó ni omi. Ó kọ ọ́ ní Lárúbáwá, kí àwa àgbà má baà lè kà á. Màrwà yọrí lójú fèrèsé, ó wo ìwé náà, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa sókè bí bàbá àgbà ti kọ́ ọ:

"Ìkrímà. Omi wà lábẹ́ fèrèsé ọmọ rẹ̀."