Títún Yàrá Tò

Bí aládùúgbò mi ní Ajíbọ́dẹ̀ bá ti ń wọ́ bẹ́ẹ̀dì onírin lórí sìmẹ́ǹtì, ọ̀sán ọjọ́ kan ní Lálúpọn ni mo máa ń rántí.

Màámi wà ní ọsibítù. Mo ti ilé kéwú dé, mo bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin nínú yàrá Màámi. Wọ́n ní, "Wá bá mi tún ibí tò."

Inú mi dùn. Bí àlejò bá ń bọ̀ la máa ń tún ilé tò. Mo gbálẹ̀ títí eruku àti òórùn káfúrà fi kún imú mi. A ti bẹ́ẹ̀dì mọ́ ògiri, wọ́n sì gbé àpótí Màámi jáde.

"Ẹ̀yin Àǹtí, ibo ni Màámi máa kó aṣọ wọn sí?"

Ìró Màámi kan ṣoṣo ni Àǹtí ń ká, tí wọ́n ń tú, tí wọ́n tún ń ká.

Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti sin Màámi láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí n tó dé.

Nígbà tí Àǹtí jáde lọ kírun Alásárì, mo fi èjìká ti bẹ́ẹ̀dì kó lè padà sáyè rẹ̀. Kò mì. Mo bá dùbúlẹ̀ síbi tí wọ́n ti gbé àpótí kúrò. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù.